Ìpàkọ́ Àjàní: oṣù mẹ́fà tí mo fi gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò l'Ábẹ́òkúta

Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ni Àjàní nígbà tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bá a. A ti wẹ̀ ẹ́ tán, mò ń fi òrí pa á lórí, àtẹ́lẹwọ́ mi ń ti iwájú orí bọ̀ wá sí ìpàkọ́. Ó dé ẹ̀yìn etí ọ̀tún, ibẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì tí ẹrù ti jókòó lé nínú mọ́tò. Mo fọwọ́ kan ti òsì, ó rí róbótó. Mo gbé e sórí itan, mo wò ó láti òkè: etí ọ̀tún ti sún síwájú ju ti òsì lọ, iwájú orí lápá ọ̀tún náà sì ti yọ díẹ̀. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo lè kà lórí fóònù, ti òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, akoto tí wọ́n ń dé mọ́ ọmọ lórí kí orí lè gún ni wọ́n sì ń sọ. Mi ò rí ti ẹni tó ń gbé Àsẹ̀rò, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó sì ní ìyá ọkọ tó mọ ọmọ wẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ tèmi kalẹ̀.

Màmá ọkọ mi ló ń bá mi wẹ ọmọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa fún odidi oṣù méjì, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe bí wọn ò bá sí ńlé. Nígbà tí mo fi ìpàkọ́ ọmọ hàn wọ́n, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ti rí i. Orí tí a ò tètè tẹ̀ ni. Fi sílẹ̀ fún mi." Láti ọjọ́ yẹn, lárààárọ̀ àti lálaalẹ́, wọ́n á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, wọ́n á fún un, wọ́n á wá fi tẹ apá òsì tó yọ, pé kó wọlé kó bá ti ọ̀tún dọ́gba. Àjàní á ké títí ohùn á fi há. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, orí ò yí padà, awọ ara rẹ̀ ló ń pọ́n.

Èmi náà ò jókòó. Mo ra ìrọ̀rí kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní ihò láàárín tí wọ́n ní yóò mú orí ọmọ rí róbótó. ₦8,500 ni, wọ́n gbé e dé Pánsẹ́kẹ́ fún mi. Tí mo bá fi orí rẹ̀ sínú ihò náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti yí orí sí ọ̀tún padà, ìrọ̀rí á wá fún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Lóru ọjọ́ kan mo jí, mo rí i pé imú rẹ̀ ti kàn mọ́ etí ìrọ̀rí náà. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má lo irú ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, torí ó lè dí i lémìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ má gbà á.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni ẹnìkan kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè tó yẹ. Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi wò ó, ó ní, "Ìyá ọmọ, ṣé apá ọ̀tún nìkan lọmọ yìí máa ń wò ni?" Mo rò ó. Lóòótọ́ ni. Bó bá sùn, ọ̀tún ni. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló ń fi lé mi lẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ á kọ sí ọ̀tún. Kódà nínú fọ́tò ìkómọ, ọ̀tún ló ń wò. Mo ti ń wo orí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ méje, n kò wo ọrùn rí.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú ìlú ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn. ₦5,000 ni mo san láti rí dókítà, mi ò sì rò pé a lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó jókòó síbi tó jókòó sí, ó wo ọmọ láti òdìkejì tábìlì, ó ní orí náà á gún fúnra rẹ̀ tó bá ti ń jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, torí orí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gún bọ̀ bí wọ́n bá ti ń jókòó, tí wọn ò fi ìpàkọ́ lélẹ̀ mọ́. Ohun tó dùn mí ni pé kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nípa ọrùn fún un, ó ní kí n má da ara mi láàmú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó pè wá. Ẹ mú omi dání, ẹ mú aṣọ tí ẹ máa pààrọ̀ fún ọmọ dání, ẹ sì mú sùúrù dání. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọlé, dókítà ọmọdé náà fi ọmọ sí iwájú rẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ó wo orí láti òkè, ó fi tẹ́ẹ̀pù yí i ká, ó fi ìka tọ ojú ibi tí awẹ́ agbárí ti pàdé láti àwùjẹ̀ títí dé ìpàkọ́. Ó ṣàlàyé fún mi bó ti ń ṣe é: agbárí ọmọ tuntun kì í ṣe egungun kan ṣoṣo, awẹ́ awẹ́ ni, ọpọlọ tó ń dàgbà nínú rẹ̀ ló ń tì í síta. Bí ojú kan nínú ìpàdé wọn bá ti lẹ̀ pọ̀ ṣáájú àkókò, ọwọ́ á bá a bí òkè tó le, orí á sì máa gba ibòmíràn dàgbà. Èyíinì ni wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ti Àjàní kò lẹ̀. Etí àti iwájú orí apá ọ̀tún jọ sún síwájú pa pọ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn ti apá kan àpótí láti ẹ̀yìn, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó sùn lé ló tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí itan rẹ̀ méjèèjì bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ láti wo oríkèé ìbàdí, ó ní ọmọ tí ọrùn rẹ̀ bá wọ́, ó yẹ kí wọ́n wo ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó wá gbá ọwọ́ mi mú, ó fi ìka mi sí ọrùn ọmọ lápá òsì, ní iṣan tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ wá sí egungun òkè àyà. Ó le bí okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́ tó ń fà á. Ti apá ọ̀tún rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n. Iṣan òsì tó kúrú yìí ló ń fa orí rẹ̀ sí òsì, tó sì ń yí ojú rẹ̀ sí ọ̀tún. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bó ṣe ká jọ nínú ikùn ló fà á. Mo sunkún níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje tí a fi ń tẹ orí, tí a fi ń ra ìrọ̀rí, ọrùn ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ wá sọ́dọ̀ físíò, àwọn tó ń fi ọwọ́ na iṣan àti oríkèé láti tọ́jú rẹ̀. ₦3,000 ni wọ́n ń gbà nígbà náà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tó yá ó di ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Obìnrin tó bá wa ṣe é ni gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Físíò. Ọwọ́ rẹ̀ rọra, kì í bá ọmọ jà. Ohun tó kọ́ mi kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ: kí n di èjìká òsì mú, kí n rọra tẹ orí sí ọ̀tún títí etí ọ̀tún á fi súnmọ́ èjìká rẹ̀, kí n ka ení títí dé ogún, kí n rọra yí àgbọ̀n rẹ̀ sí òsì, kí n dúró bákan náà, kí n máa fi í dojúbolẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, tí mo bá sì wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Bó bá ń ké gidi, kí n dúró.

Mo bi í léèrè bóyá kí n kúkú máa fi í dojúbolẹ̀ sùn. Ó ní rárá o. Láti 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má fi ọmọ dojúbolẹ̀ sùn, ikú òjijì tó ń pa ọmọ lójú oorun sì dín kù ju ìdajì lọ lọ́dọ̀ wọn. Orí pẹlẹbẹ pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n orí pẹlẹbẹ kì í pa ọmọ. Ẹ̀yìn ni kó máa fi sùn, kó máa dojúbolẹ̀ ní ojúmọmọ.

Ìpinnu tó dára jù tí mo ṣe ni pé mo mú Màmá dání nígbà kejì. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n má tẹ orí ọmọ mọ́. Ó ṣe tán, ọwọ́ tó wẹ ọkọ mi dàgbà ni. Àǹtí Físíò kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibí yìí." Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn náà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fọwọ́ kan ti ọ̀tún, wọ́n padà sí ti òsì. Wọ́n ní, "Háà! Iṣan ló sá jọ." Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á gbé e sórí ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n nà, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbá èjìká mọ́lẹ̀, èkejì á gbé orí lọ sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa kì í: Àjàní ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbi. Kò ké fún wọn bó ti ń ké fún mi. Àǹtí Físíò wò wọ́n, ó ní ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ náà ju tòun lọ.

Nílé, a pààrọ̀ bó ti ń sùn. Ògiri ló wà lápá òsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi àti ilẹ̀kùn sì wà lápá ọ̀tún, kí ló fẹ́ wò lára ògiri? A gbé orí rẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ wà. Mo mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tí funfun rẹ̀ yọ dáadáa nínú aró, mo so ó kọ́ sápá òsì. Ó máa ń wò ó títí. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, mo ń yí ojú rẹ̀ sí òsì kí n tó di ọ̀já. Pípọ̀n náà dára, torí nǹkan kan kì í tẹ ìpàkọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kí a wá owó akoto yẹn. Nǹkan bí £2,000 ni lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, wákàtí mẹ́tàlélógún lójúmọ́ ni ọmọ fi ń dé e. Pẹ̀lú ooru Abẹ́òkúta yìí? Dókítà sọ fún wa nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde ní 2014: ọmọ mẹ́rinlélọ́gọ́rin, wọ́n dé akoto fún àwọn kan, wọn ò dé e fún àwọn tó kù, nígbà tí wọ́n fi pé ọdún méjì, orí àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ó ní ọmọ tí tirẹ̀ bá le gan-an lè nílò rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe Àjàní. A ò rà á.

Ọrùn tètè gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó ti ń wo òsì bó ti ń wo ọ̀tún. Orí ni kò yára. Wọ́n ní irin kan tó dà bí ẹ̀mú tí wọ́n fi ń wọn orí ní ìdábùú, láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún, àti láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ mílímítà mẹ́tàlá. Oṣù kejì, mọ́kànlá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ nígbà yẹn, ẹ má jáwọ́. Nígbà tí Àjàní bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ni ìyàtọ̀ náà wá ń yára dín kù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ilé ìwòsàn ìjọba náà tún ṣe: ìwé tí wọ́n fi ń júwe ohun tí a ó máa ṣe nílé, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni, Màmá ò lè kà á. Èmi ni mo fi fóònù gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn físíò tó ń bójú tó ọmọdé níbẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni a dé tí wọ́n ní Àǹtí ò wá lónìí, láìpè wá ṣáájú, mo sì ti san owó kẹ̀kẹ́ àlọ àti àbọ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, n óò tún gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́la bó bá di dandan.

Ìgbà ìkẹyìn tí a lọ, ìyàtọ̀ náà ku mílímítà márùn-ún. Àjàní ń lọ sí oṣù mẹ́wàá. Etí ọ̀tún ṣì yọ síwájú díẹ̀ bí ẹ bá wò ó láti òkè, irun ti ń bo ìpàkọ́. Wọ́n ní kí a padà wá wọ̀n ọ́n tó bá pé ọdún kan ààbọ̀. Màmá ti kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn.