Flrig pẹ̀lú Yaesu FT-857D lórí Ubuntu: ohun tí mo rí nílé mi ní Ìlọrin

Flrig jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí Dave Freese, tí àmì ìpè rẹ̀ ń jẹ́ W1HKJ, ṣe fún àwa tí a fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà darí rédíò ham, ìyẹn rédíò tí àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ rédíò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní Tánkè níhìn-ín ni mo ti ń lò ó, pẹ̀lú FT-857D àlòkù kan, okùn CAT (èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń darí rédíò) tí mo rà ní owó pọ́ọ́kú, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Ubuntu 22.04, irú Linux kan, wà lórí rẹ̀. Ẹni tí rédíò rẹ̀ bá jẹ́ IC-7300, tí USB ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, lè má rí èyí tó pọ̀ nínú wàhálà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a ń lo rédíò àtijọ́ àti okùn ọjà, mo gbà pé iṣẹ́ tí flrig mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí ó jẹ́ kí a fojú rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há láàárín rédíò àti kọ̀ǹpútà.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ flrig gan-an, okùn náà kò kọ́kọ́ yọjú rárá. Mo ṣí ibi ìṣètò, ṣùgbọ́n n kò rí /dev/ttyUSB0, orúkọ tí Linux ń fún pọ́ọ̀tù irú okùn bẹ́ẹ̀, níbẹ̀. Mo wá tẹ dmesg, àṣẹ tó ń fi ìròyìn inú Linux hàn, mo sì rí i pé Linux dá okùn náà mọ̀, ó so ó mọ́ ttyUSB0, ìlà kejì sì dárúkọ brltty, nígbà tí ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé okùn náà ti já kúrò. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Brltty yìí wà fún àwọn afọ́jú tí ń fi ìka ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ohun rere sì ni. Àmọ́ irú ẹ̀rọ braille kan wà tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, 1a86:7523, bá ti chip CH340 inú okùn olówó pọ́ọ́kú mu, nítorí náà ó máa ń rò pé tòun ni okùn wa. Bí kò bá sí ẹni tó ń lo braille nínú ilé yín, sudo apt remove brltty ti parí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi orúkọ ara yín kún ẹgbẹ́ dialout, ìyẹn àwọn tí Linux gbà láàyè láti lo pọ́ọ̀tù náà, kí ẹ jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà pátápátá, kí ẹ sì tún wọlé. Bí ẹ bá kàn pa flrig dé tí ẹ tún un ṣí, àṣẹ tuntun náà kò ní ṣiṣẹ́.

Ibi tí flrig ti wúlò fún mi gan-an ni ìgbà tí pọ́ọ̀tù ti wà, tí rédíò kò sì dáhùn. Nínú Config, lábẹ́ Setup, apá kan wà tó ń jẹ́ Trace. Ẹ tan ti serial níbẹ̀, ẹ óò sì máa rí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà sọ àti ohun tí rédíò fi fèsì, ní nọ́ńbà gan-an. Tèmi ń rán 00 00 00 00 03 léraléra, èyí tó túmọ̀ sí pé kí rédíò sọ ìkànnì tí ó wà, ṣùgbọ́n kò sí ìdáhùn kankan. Mo lọ wo mẹ́nù rédíò fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gbé CAT RATE, ìyára ọ̀rọ̀ láàárín rédíò àti kọ̀ǹpútà, sí 38400, flrig sì ń sọ̀rọ̀ ní 4800. Ó tún ti yí CAT/LIN/TUN sí TUN, nítorí pé ojú ihò kan náà ni kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ amúgbáralékún àti ẹ̀rọ tí ń tún ẹ́ríà ṣe jọ ń lò lẹ́yìn FT-857D. Ẹ má retí pé rédíò yóò ṣàròyé nípa èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ńṣe ni yóò dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ kan náà sì ni. Ẹ tún wo stop bits (àmì tó ń parí ìsọ̀rí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan) nínú flrig, 2 ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Nígbà tí mo ṣe àtúnṣe wọ̀nyí, ìdáhùn wọlé: 01 40 74 00 0A. Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni 14.07400 MHz, ibi tí àwọn ará FT8, ọ̀nà tí a ń gbà fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lórí rédíò, máa ń wà. 0A sì ni DIG, ìyẹn ipò díjítà tí rédíò wà.

Síso WSJT-X, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe FT8, mọ́ ọn kò le. Ẹ yan FLRig níbi orúkọ rédíò, kí ẹ jẹ́ kí ó bá flrig sọ̀rọ̀ lórí 127.0.0.1:12345, kí ẹ má ṣe fún un ní ttyUSB0, nítorí flrig ti di ìyẹn mú. Bí Test CAT bá di àwọ̀ ewé, ó ti yanjú.

Wàhálà tó kẹ́yìn fara pẹ́ ti sọ́fítíwíà, àmọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Bí mo bá ti gbé agbára sókè tí mo sì tẹ̀ ẹ́ láti sọ̀rọ̀, flrig á dì pa, dmesg á sì sọ pé USB ti já. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe rédíò ní Ọ̀fà ni mo pè. “Àbúrò, yọ ẹ́ríà kúrò, fi dummy load sí i, kí o tún un ṣe,” ni ó sọ. Dummy load ni ohun tí ń gba agbára rédíò dípò ẹ́ríà. Lórí dummy load, 100 watt kò mú nǹkan kan já. Ìgbì láti ara ẹ́ríà ni ó ń gba okùn USB wọnú kọ̀ǹpútà. Mo pààrọ̀ okùn USB gígùn sí kúkúrú, mo sì wé e mọ́ òrùka ferrite, èyí tó ń dí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ́nà, ní ìhà méjèèjì, ó sinmi. (Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lórí 7 MHz kò sí lára ohun tí ferrite tèmi lè wò sàn.)

Mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí flrig. Lẹ́tà rẹ̀ kéré lójú, bí kò ṣe pé ẹ fa fèrèsé rẹ̀ tóbi. Trace tó wúlò tó báyìí sì fara pamọ́ ju bó ti yẹ lọ fún ẹni tuntun, ẹni tó sì nílò rẹ̀ jù nìyẹn. Bí ó bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ FT-857D lemọ́lemọ́, ẹ dín iye ìgbà tí ó ń béèrè kù ní apá Poll, nítorí ní 4800 rédíò náà kì í yára. Ti agbára ìgbéjáde, ẹ má wá a níbẹ̀: Yaesu kò fi àṣẹ rẹ̀ sínú CAT rédíò yìí, ojú rédíò ni ẹ óò ti máa fọwọ́ yí i.