Ẹ̀kọ́ Ìkápá Ọkọ̀: Mẹ́rin Tó Wà Lọ́jà, Àti Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Sanwó Fún

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń wakọ̀ láti bí ogún ọdún tí a kò tẹ bírékì dé ìsàlẹ̀ pátápátá rí. Èmi náà kò tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ tí mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìkápá ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń darí ọkọ̀ nígbà ewu. Olùkọ́ ní kí n sáré dé 60 kìlómítà ní wákàtí kan, kí n sì tẹ bírékì bí ìgbà tí ọmọdé bá já lu títì níwájú mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, mo ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní, "Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ irin rẹ̀." Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bírékì líle, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ọkọ̀ sì dúró gbọnin níbi tí mi ò rò pé ó lè dúró. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wa ọkọ̀ yẹn, agbára ìdúró náà wà nínú rẹ̀. Mi ò bèèrè fún un rí ni.

Nítorí náà, ohun tí mo fi ń wọn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nìyí: ṣé yóò mú kí ẹ tètè rí ewu, kí ẹ sì lè dúró tàbí kí ẹ yà nígbà tí ẹ bá rí i? Èyí tó bá kàn ki yín láyà, ẹ má sanwó fún un.

Mẹ́rin ni mo pín wọn sí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan tí ẹ ó fi ọkọ̀ ara yín ṣe lórí pápá òfìfo. Ìkejì ni ti orí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ìkẹta ni ti ojú títì, tí olùkọ́ yóò máa jókòó tì yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìkẹrin ni ti pápá ìdíje, níbi tí àwọn asáré-ọkọ̀ ti ń díje. Mi ò ka èyí tí wọ́n ń ṣe níwájú kọ̀ǹpútà mọ́ wọn, nítorí kò sí ọkọ̀ tó ń fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga ilé.

Pápá òfìfo àti ilẹ̀ tó ń yọ̀

Àwọn méjì yìí ni àwọn olùrà máa ń kà sí ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn pọ̀.

Lórí pápá òfìfo, wákàtí àkọ́kọ́ máa ń lọ lórí ìjókòó, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹ ó fa àga síwájú títí orúnkún yín yóò fi ṣì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí bírékì bá dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó na apá, kí ọrùn ọwọ́ bà lé òkè sitiárìn láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára àga. Ọwọ́ kan á wà ní ibi tí 9 wà lójú aago, èkejì á wà ní 3. Ẹni tó bá rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn kò lè tẹ bírékì pa, ara rẹ̀ ló máa ń yọ̀ kúrò lórí àga.

Lẹ́yìn èyí ni bírékì fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tó dáa á mú yín bẹ̀rẹ̀ ní 40, á sún un sí 60, á wá dé 80, á sì gbé kóònù kan, òpó kékeré tí a fi ń sàmì, síbi tí ẹ dúró sí nígbà kọ̀ọ̀kan. Láti 40 sí 80, eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bírékì ń jẹ di ìlọ́po mẹ́rin. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ilé-ìwé, àmọ́ ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ rìn láti kóònù kan sí èkejì ni ó tó wọ̀ mí lára. Ẹ tún rántí pé ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ máa ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ yín tó kan bírékì rárá.

Wọ́n á tún mú yín yà lọ́tùn-ún lósì láàárín kóònù, lẹ́yìn náà ni èyí tí mo kà sí ọkàn ẹ̀kọ́ náà: ẹ ó tẹ bírékì pa, ẹ ó sì yà fún ohun tó dínà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ABS. Láti ọdún 1978 tí ilé-iṣẹ́ Bosch àti Mercedes-Benz ti gbé e jáde nínú ọkọ̀ S-Class, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí táyà há, nítorí táyà tó bá há kò lè yí ọkọ̀ síbì kankan. Síbẹ̀, awakọ̀ tí kò mọ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò nígbà tí bírékì bá gbọ̀n, ó rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì gbé e títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

Ní ti ilẹ̀ tó ń yọ̀, ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ sábà máa lò. Wọ́n á da omi sórí ilẹ̀ dídán, tàbí kí wọ́n de férémù onítáyà kéékèèké mọ́ ọkọ̀, tí yóò máa gbé ìwúwo kúrò lára táyà gidi kí ọkọ̀ lè yọ̀ láìsáré púpọ̀. Ohun méjì lẹ ó kọ́ níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ó yí sitiárìn, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ á máa lọ tààrà. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni láti yí i sí i, èyí sì ń bà á jẹ́ ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ dá sitiárìn padà díẹ̀, kí táyà lè rí ilẹ̀ dì mú. Nígbà mìíràn, ìdí ọkọ̀ ló máa gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ọwọ́ yín tẹ̀ lé ojú yín. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ igi máa ń lọ kọ lu igi náà.

Ó dùn mọ́ mi gan-an, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìsinsìnyí ti ní ESC, ẹ̀rọ tó ń dá fa bírékì táyà kan ṣoṣo láti tún ọkọ̀ tó fẹ́ yọ̀ ṣe. Ó kọ́kọ́ jáde ní 1995. Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké láti orí àwọn ti ọdún 2012, Yúróòpù sì ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti oṣù kọkànlá ọdún 2014. Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà bóyá wọn yóò pa á lásìkò ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá pa á látòwúrọ̀ dalẹ́, ohun tí ẹ kọ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹ ó wà lọ sílé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí òbí tó fẹ́ sanwó fún ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ní Norway, ní àwọn ọdún 1980, ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yíyọ̀ fi hàn pé ìjàǹbá pọ̀ sí i láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ ọ, dípò kó dín kù. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní Sweden ní 1996 fi ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì wéra: wọ́n kọ́ ọ̀kan ní ọgbọ́n ọwọ́, wọ́n jẹ́ kí èkejì rí ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ọgbọ́n ọwọ́ wọn kò yàtọ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n jù. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ọmọ tó gbà pé òun lè mú ọkọ̀ tó ń yọ̀ bọ̀ sípò yóò sáré débi tí ọkọ̀ yóò ti yọ̀.

Bí mo bá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pápá òfìfo ló borí fún mi. Bírékì ọkọ̀ yín gan-an àti táyà yín lẹ ó mọ̀, ohun tí ẹ sì kọ́ láàárọ̀, ẹ lè nílò rẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹ ti ń padà lọ sílé. Àmọ́ bí òjò tàbí yìnyín bá ń bo ọ̀nà yín lóṣù púpọ̀ nínú ọdún, ilẹ̀ tó ń yọ̀ yẹ ní ìkejì.

Olùkọ́ ojú títì

Èyí kì í yá àwọn èèyàn lórí, wọ́n ní ó sú àwọn. Èmi kò gbà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ IAM (Institute of Advanced Motorists), ẹgbẹ́ tó ń kọ́ awakọ̀ ní ìwakọ̀ tó jinlẹ̀, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1956. Ẹ ó máa wakọ̀, ẹ ó sì máa fi ẹnu sọ ohun tí ẹ rí: "Bọ́ọ̀lù yí já sójú títì, ọmọ lè tẹ̀ lé e. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kẹta tàn." Ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ ó rí i pé ojú yín ti ń lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò lè kọ́ yín ní bírékì líle, torí ọkọ̀ ẹlòmíì wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ẹ má nílò bírékì líle náà.

Pápá ìdíje

Díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi lórí èyí. Ó ń jẹ táyà àti bírékì, ọ̀pọ̀ adójútòfò kì í sì í san owó ìbàjẹ́ tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á kọ́ yín láti lo gbogbo ìbú ọ̀nà fún kọ́nà kan. Lójú títì, ìdajì ọ̀nà yẹn jẹ́ ti ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Bí ẹ bá fẹ́ràn eré, ẹ fi owó fàájì lọ. Kì í ṣe owó ààbò.

Kí ẹ tó sanwó

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ẹ̀ẹ̀melòó ni èmi fúnra mi yóò tẹ bírékì pa lọ́jọ́ náà? Bí wọ́n bá ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ wá ibòmíì. Ẹ bèèrè iye ọkọ̀ tí olùkọ́ kan ń bójú tó, torí níbi tí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ìlà lẹ ó máa tò. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní ìdánwò kan tí wọ́n fẹ́ kí ẹ pàdánù, èyí tí kóònù ti súnmọ́ jù láti yà fún. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ kí ẹ lu kóònù, tó sì fi yé yín pé eré yín ló fà á, ni mo lè mú ọmọ mi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí ó ṣì tutù, kí ẹ sì kó gbogbo ẹrù tó lè yí jáde nínú ọkọ̀. Ìgò omi tó bá yí wọ abẹ́ bírékì lè fa ewu ńlá.

Bí owó yín bá tó ẹyọ kan péré, ẹ mú ẹ̀kọ́ pápá òfìfo nínú ọkọ̀ ara yín. Bí ó bá tó méjì, ẹ fi olùkọ́ ojú títì tẹ̀ lé e láàárín oṣù méjì, kí ẹsẹ̀ yín má tíì gbàgbé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ojú títì ni kó ti bẹ̀rẹ̀.