Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Kan Nípa Ìjọba Samoa: Ó Tó Owó Tí Mo San, Ṣùgbọ́n Ẹ̀kọ́ Kẹta Kù Káàtó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ìtàn òṣèlú àti ètò ìjọba Samoa, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà láàárín agbami Òkun Pàsífíìkì, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó mi kò wọgbó.

Ibi tí olùkọ́ náà ti mọṣẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ àwọn matai, ìyẹn àwọn olóyè tí ẹbí kọ̀ọ̀kan ń fi jẹ láti máa bójú tó ilẹ̀ àti ọ̀ràn ilé. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé nígbà tí Samoa gba òmìnira lọ́wọ́ New Zealand ní ọdún 1962, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀, àwọn matai nìkan ló ń dìbò. Ọdún 1990 ni ará ìlú dìbò pé kí gbogbo ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 máa dìbò, àmọ́ títí di òní, ẹni tí kò bá joyè matai kò lè díje fún ilé aṣòfin. Àwa tí a ti rí bí mọ̀lẹ́bí ṣe ń jókòó ṣèpàdé lórí oyè ìdílé kò ní pẹ́ lóye èyí.

Apá tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé aṣòfin pa mọ́ Fiame Naomi Mata'afa, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tó borí nínú ìbò ọdún náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n fi lọ búra lábẹ́ àgọ́ tí wọ́n pa síta. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìbúra náà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olóòtú ìjọba níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló wà ní ipò yẹn nígbà òmìnira.

Ohun tó dùn mí ni pé ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ẹ̀kọ́ kẹta fi sọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn influenza ọdún 1918, èyí tí ọkọ̀ ojú omi Talune gbé wọ Apia, olú ìlú Samoa, láti Auckland ní New Zealand, tí àwọn aláṣẹ New Zealand kò sì sé e mọ́ inú omi. Nǹkan bí 8,500 èèyàn ló kú, ó ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún. Bí a kò bá gbọ́ ìbànújẹ́ yẹn dáadáa, báwo la ṣe fẹ́ lóye ìdí tí ẹgbẹ́ Mau, ìyẹn àwọn ará Samoa tó ń tako ìjọba New Zealand láìjà, fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, títí tí ìbọn ọlọ́pàá fi ba Tupua Tamasese Lealofi III, olórí wọn, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1929, níbi tó ti ń bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ kẹta lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ sí ìkẹrin.