MRI fún ìwádìí ọpọlọ ní Abẹ́òkúta: 1.5T, 3T, àbí 7T?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, fún ìwádìí ọpọlọ, tesla (T), ìyẹn ìwọ̀n agbára òòfà rẹ̀, lẹ máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò. Ní tèmi, iná ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Inú hílíọ̀mù olómi, tó tutù dé −269°C, ni wáyà òòfà àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wà. Amútutù rẹ̀ kì í sùn, yálà ẹ ya àwòrán lọ́jọ́ náà tàbí ẹ ò yà. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì tètè gbà á, hílíọ̀mù lè máa hó lọ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, òmíràn sì wọ́n bí ojú.

Láàárín 1.5T àti 3T ni iṣẹ́ wà. Àmì tí 3T ń gbà látinú ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 1.5T. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wo ọpọlọ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn fMRI tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Seiji Ogawa la ọ̀nà rẹ̀ ní 1990, 3T ni kí ẹ wá: ìyípadà ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń ṣọ́ kéré débi pé 1.5T kì í rí i dáadáa. Ojú àpá kékeré tó ń fa wárápá náà, 3T ló mọ̀ ọ́n wá jù. Bí owó epo àti sólà yín bá lè gbé e tọ̀sán tòru, ẹ rà á.

Ó ní wàhálà tirẹ̀ o. Pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà, ìgbóná tí ìgbì rédíò rẹ̀ ń kó sára èèyàn tó ìlọ́po mẹ́rin ti 1.5T. Àwòrán a máa lọ́ lókè imú àti lẹ́bàá etí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé egungun. Irin mìíràn tí dókítà fi sínú ara sì wà tó jẹ́ pé 1.5T nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí fún un.

Bó bá jẹ́ wíwọn bí ọpọlọ àgbàlagbà ṣe ń súnkì lẹ ń ṣe, 1.5T tó. Philips gbé ọ̀kan jáde ní 2018 tí hílíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ lítà 7 péré, tí wọ́n sì dí i pa; àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń gba nǹkan bíi 1,500. Bí iná bá lọ, hílíọ̀mù yẹn ò ríbi gbà jáde. Ẹ má fojú kékeré wò ó.

7T ńkọ́? Ó ń rí ohun tí kò tó mílímítà kan, ó lè ya ìpele èèpo ọpọlọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú láti 2017. Ṣùgbọ́n òòfà rẹ̀ lè ju tọ́ọ̀nù 15 lọ, òyì a máa kọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì máa ń ka tesla kan sí mílíọ̀nù dọ́là kan. Ẹ ṣírò ẹ̀. Èmi ò ní rà á. (Àwọn ará Faransé ti fi 11.7T ya ọpọlọ èèyàn ní 2024. Ká kí wọn kú iṣẹ́.)

Swoop, MRI kékeré kan tó jẹ́ 0.064T, kò mu hílíọ̀mù rárá, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tó o, ó sì ṣeé tì lọ bá aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìwòsàn ló wúlò fún, kì í ṣe fMRI.

Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Àpáta Abẹ́òkúta lè gbé ẹ̀rọ náà. Típà tó kó òkúta tàbí rélùwéè tó ń gba Laderin kọjá ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, torí irin ńlá tó ń rìn a máa da òòfà rú.

Èyí tí oníṣòwò ò ní sọ: ẹ béèrè bí inú akoto tí wọ́n ń fi bo orí ṣe fẹ̀ tó. Ó máa ń há, torí bó bá ṣe sún mọ́ orí tó ni àwòrán ṣe ń dára tó. Obìnrin tó fi àtàṣímẹ́ǹtì dirun ńlá lè má ríbi ki orí bọ̀ ọ́, ta ló sì máa ní kó lọ tú irun tó fi wákàtí mẹ́fà dì ní Ìtòkú?