Ọmọ ọdún 41, oyún àkọ́kọ́: ilé ìwòsàn tí mo lò n'Íbàdàn

Mi ò ní dárúkọ wọn torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa nọ́ọ̀sì wọn yìí. Ọjọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀, ó ń kọ káàdì mi lọ, ó dédé gbórí sókè, ó pariwo, "Mọ́mì, 41, oyún àkọ́kọ́?" Gbogbo ojú tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló yí sí mi. Ó tún wá fi bírò pupa kọ "elderly" síwájú káàdì. Èmi! Ìràwọ̀ kan lọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà wọn, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Kò dẹ́rù bà mí, kò sì ní kí n kàn máa gbàdúrà. Ó ní ẹyin obìnrin ti wà lára ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bó ṣe ń dàgbà ni ẹyin náà ń dàgbà, ìdí nìyẹn tí Down syndrome (ìṣòro tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀ tètè dàgbà bíi ti ẹgbẹ́ ẹ̀) fi ń pọ̀ sí i, bíi 1 nínú 1,250 fún ìyá ọlọ́dún 25, tó bá di 40 ó ti tó bíi 1 nínú 100. Mo ní háà! Ó ní ẹ jẹ́ n parí ẹ̀, 99 tó kù ńkọ́? Ìfúnpá àti ṣúgà lòun ń ṣọ́ jù. Ó ní kí n máa lo aspirin kékeré lálaalẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 12 torí ìfúnpá (ẹ má dá a lò o, ẹ bi dókítà yín).

Àyẹ̀wò ṣúgà yẹn ṣá! Ọ̀sẹ̀ 26, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan látàná, wọ́n po glucose gíráàmù 75 sómi, kí n mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú 5, ó dùn débi tí eyín fi ń kan mí, wọ́n gbẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí 2, tí mo bá sì bì í, ó di ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ṣúgà ga díẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń rí sóúnjẹ wọn ò ní kí n má jẹ àmàlà, ó ní kí n di ìkúùkù, ó ní àmàlà ò gbọdọ̀ tóbi jùyẹn lọ, kí ewédú àti ẹja pọ̀.

Ìdúró wọn ò dáa rárá, n ó débẹ̀ ní aago 7, aago 1 ni wọ́n á tó pè mí.

Ìfúnpá gòkè ní ọ̀sẹ̀ 38, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà, ọmọ ń ké wáá. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló gbé e wá, ó ní "Ìyá àgbà, ẹ kú ewu ọmọ." Mo rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi ń ro mí. Ìràwọ̀ 4. Mi ò dá ìkarùn-ún padà.