Gíláàsì kékeré tí mo fi ń dá akọ agbọ́n igi mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo kòkòrò níbí ní Scotland, ẹ ra gíláàsì 10x yìí, tó ń mú kí nǹkan tóbi lójú ní ìlọ́po mẹ́wàá, èyí tó ń ká wọnú ilé irin ẹ̀ tó sì ní iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tó pọ́ùn 20, ó sì tó owó ẹ̀ dáadáa. Akọ agbọ́n igi, ìyẹn kòkòrò tí abo ẹ̀ ń yé ẹyin sínú igi, ni wàhálà jù láti dá mọ̀. Oríṣi méjì nínú wọn, Sirex noctilio àti Sirex juvencus, akọ wọn jọra gan-an ni: orí àti àyà dúdú tó ń dán bí aṣọ aró tuntun, àárín ikùn pupa bí ọsàn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ní dúdú lára. Ìwo orí, ìyẹn méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ síwájú lórí wọn, ni kẹ́ ẹ fi gíláàsì wò, ẹ gbé e sún mọ́ ojú yín dáadáa, ti juvencus máa ń pupa níbi tó ti jáde lórí, ti noctilio dúdú látìdí dókè. Àmọ́ ìwo dúdú nìkan ò tó o, Sirex torvus, oríṣi mìíràn, náà ní in! Ó sì ṣe pàtàkì ká dá wọn mọ̀, torí noctilio yìí ló wọ New Zealand, Australia àti South Africa tó ń pa igi páìnì wọn, abo ẹ̀ ló ń kó oró àti olú sínú igi tó bá ń yé ẹyin. Akọ Urocerus gigas, agbọ́n igi mìíràn, ò le láti dá mọ̀ ní tiẹ̀, ìwo ẹ̀ yẹ́lò, àmì yẹ́lò tún wà lẹ́yìn ojú ẹ̀.

Iná ẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn, ó máa ń kọ mànà lára dúdú tó ń dán yẹn, ojú fèrèsé dáa jù ú lọ. Tó bá sì jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ àtàrí wọn lẹ fẹ́ wò, 10x ò lè ṣe é, ẹ wá màíkírósíkópù.