Ẹ ṣọ́ra fún dash cam "4K" tí wọ́n ń fi mẹ́mọ́rì káàdì ọ̀fẹ́ tì lẹ́yìn ní Abuja

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ láti Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe wọ àárín ìlú lójoojúmọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan wà tó ń ta dash cam, ìyẹn kámẹ́rà tí a ń gbé síwájú ọkọ̀ kó máa gba fídíò ọ̀nà, káàkiri Wuse. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Inú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ lọjà wà, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló sì máa ń ní kí ẹ ti wá bá òun. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé kan náà ni wá, mi ò lè ta gbàrọgùdù fún yín." ₦65,000 ni mo kà fún un. Ó ní 4K, ìyẹn irú tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gan-an, ni kámẹ́rà náà, òun á sì fi mẹ́mọ́rì káàdì 128GB sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Káàdì ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ni jìbìtì náà.

Ó tan kámẹ́rà lójú mi, ó gba fídíò bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fi hàn mí lórí fóònù, ó mọ́ gaara. Ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní Berger, ọkọ̀ kan já wọ iwájú mi láti apá ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́ iná iwájú mi. Awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó ní èmi ni mo kọ lu òun. Èrò ti pé lé wa lórí. Mo ní kí gbogbo wọn fara balẹ̀, kámẹ́rà mi rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo so fóònù mọ́ ọn. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀: déètì ọjọ́ náà, aago 7:42 àárọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú fóònù dúdú. Mo tẹ èyí tó ṣáájú rẹ̀, dúdú. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló ṣí: ọkùnrin ọlọ́jà yẹn níwájú gíláàsì ọkọ̀ mi, tó ń rẹ́rìn-ín, tó na àtàǹpàkò sókè. Owó àpò mi ni mo fi parí ìjà ọjọ́ náà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kubwa bá mi fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán bí àyè inú káàdì ṣe pọ̀ tó wò, yẹ káàdì náà wò. 8GB péré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti yí i padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 128GB. Kámẹ́rà 1080p, tí àwòrán rẹ̀ kò tó ti 4K, bíi tèmi yìí, lè jẹ tó 6GB sí 8GB ní wákàtí kan, nítorí náà kí n tó wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, káàdì ti kún. Kámẹ́rà ò mọ̀. Ó gbà pé àyè ṣì pọ̀, kò sì pa fídíò àtijọ́ rẹ́ kó fi tuntun rọ́pò bó ṣe yẹ. Orúkọ fáìlì ń wọlé, àwòrán ò wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú ọlọ́jà kò fi lè tú àṣírí rẹ̀.

4K tó pariwo náà kì í ṣe òótọ́. 4K gidi jẹ́ píksẹ́lì 3840 × 2160, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ti 1080p ni èyí, wọ́n kàn nà án bí ẹni na rọ́bà. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú mi gan-an, tí mo bá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, funfun lásán ni. Nígbà tí ọmọkùnrin náà sì tú kámẹ́rà, bátìrì lithium inú rẹ̀ ti wú bí àkàrà. Inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn Abuja lóṣù March lè gbóná kọjá 60°C. Èyí tó ń lo supercapacitor, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ dípò bátìrì, ni kí ẹ béèrè, ó ń fara da ooru ju bátìrì lọ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ra dash cam o. Mo ti ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù tó fún mi ní rìsíìtì, 1080p gidi, mo sì ra káàdì lọ́tọ̀, irú tí wọ́n kọ High Endurance sí lára, torí kámẹ́rà yìí kì í sinmi àkọsílẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ bóyá ẹ ní in. Kódà bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè pé kí ẹ̀rọ náà ti máa ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò tó gba nǹkan náà sílẹ̀.

Ẹ gbé káàdì lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí H2testw kún un tán kó sì kà á padà. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ọlọ́jà tí kò bá gbà pé ẹ lè dá a padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin yẹn, ó ní ooru ló bà á jẹ́, ó sì dí nọ́ńbà mi pa. Mo ti kó ẹ̀sùn àti ẹ̀rí ìsanwó mi lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀ látinú búùtù ọkọ̀ ní Wuse, kó yẹ káàdì rẹ̀ wò lónìí, kó sì kó ẹ̀rí tirẹ̀ náà lọ.